Ọ̀dà tí Ń Mú Ilé Tutù

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú lọba ara. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo tí ń wọ ìlú ni ọba yìí ń rí. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá mú, tí páànù orí ilé sì gbóná bí agbada àkàrà, ìyá ọlọ́mọ a gbé ọmọ rẹ̀ jáde lọ sí abẹ́ igi. Arúgbó tí kò lè dìde a sì máa làágùn lórí ẹní rẹ̀. Agbára oòrùn tí ń lé wọn kiri bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ojú kò lè rí rárá. Nínú ìdajì tí a kò rí yìí ni ọgbọ́n ọ̀dà tí ń mú ilé tutù wà.

Ó ti pẹ́ tí aráyé ti mọ̀ pé ohun dúdú a máa gba ooru ju ohun funfun lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1800, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, rí ohun tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, ìmọ́lẹ̀ náà sì pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi bí òṣùmàrè. Ó fi ohun èlò tí a fi ń wọn ooru sí ibi tí àwọn àwọ̀ náà wà, ó sì rí i pé bí ó ti ń súnmọ́ pupa ni ooru ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó gbé e kọjá pupa, sí ibi tí ojú kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ó gbóná jù. Báyìí ni ó ṣe di mímọ̀ pé ìtànṣán kan wà tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n tí ara ń mọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí ni ó ń fún ògiri ní àwọ̀. Ìtànṣán tí a kò rí kò bá àwọ̀ ṣe. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà gba ọ̀kan kí ó sì kọ èkejì. Irú dúdú tí èéfín máa ń fi sí ìdí ìkòkò ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dà dúdú. Èyí a gbé méjèèjì mì, ògiri a sì gbóná janjan. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ a máa po ìpáta irin pọ̀ mọ́ ti chromium, wọn a sì yan án nínú iná líle títí yóò fi di dúdú mìíràn. Dúdú yìí a gba ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí, a sì dá púpọ̀ nínú ìtànṣán tí a kò rí padà sí ojú ọ̀run. Ojú lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín ògiri méjèèjì. Ọwọ́ tí ó bá kàn wọ́n ni yóò mọ̀. Ewé igi ti ń ṣe irú èyí kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n: ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fi ń ṣe oúnjẹ, ó sì ń kọ púpọ̀ nínú ìtànṣán tí kò wúlò fún un.

Nígbà mìíràn, ohun tí a kò wá ni a ń rí. Ní ọdún 2009, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Mas Subramanian àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò wúlò fún ẹ̀rọ ìgbàlódé bí kọ̀ǹpútà. Wọ́n yan àdàlù kan nínú iná líle. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ó ti di àwọ̀ aró tí ń dán. Aró yìí pẹ̀lú a máa dá ìtànṣán ooru padà.

Síbẹ̀, ọ̀dà kì í ṣe gbogboǹṣe. Bí ọ̀dà dúdú ti wù kí ó dára tó, kò lè tutù bí funfun, nítorí ó ti gba ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ròyìn ọ̀dà funfun kan tí ń dá 98.1 padà nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí a kò bá sì kọ́kọ́ kun funfun sábẹ́ ọ̀dà aláwọ̀, ìtànṣán lè gba inú rẹ̀ kọjá kí ó mú ògiri gbóná. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú a máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bí a kò bá fọ̀ ọ́. Ọ̀dà kò sì lè gba ipò fèrèsé, àjà àti igi ìbòòji.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ilé aláwọ̀ kò ní láti ra ooru mọ́ ẹwà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ọ̀dà, kí ó má ṣe bèèrè àwọ̀ nìkan. Kí ó bèèrè ohun tí a fi ṣe é àti bí ó ti ń ṣe nínú oòrùn. Ìwà lẹwà ni àwọn àgbà ń wí fún ọmọ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀dà. Ẹwà tí ojú rí ń tẹ́ ẹni tí ń kọjá lọ́rùn. Ìwà tí ojú kò rí ni yóò jẹ́ kí ọmọ àti arúgbó rí oorun ọ̀sán sùn nínú ilé.