Kòtò Kọ́ Ló Gbé E Ṣubú

Kòtò kọ́ ló gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Láti ọjọ́ tó ti já lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti Màpó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ ni gbogbo ilé wa ti gbà pé títì tó bàjẹ́ ló fà á. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń di apá rẹ̀ tó ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bú àwọn tó yẹ kó tún títì ṣe, wọ́n bú wọn dáadáa, mo sì dákẹ́. Irọ́ ni mo pa. Mo ti yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò kí n tó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọrùn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nílẹ̀ yìí mọ irú rẹ̀: férémù onírin tó wúwo, bíréèkì tó ń fi ọ̀pá irin ṣiṣẹ́ dípò wáyà. Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́yìn ilé, tí ìpẹta ń jẹ ríìmù rẹ̀, àmọ́ férémù àti fọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì le koko. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 tí owó ọkọ̀ fò sókè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń fún un lóòjọ́ kò tó o wọ ọkọ̀ lọ àti bọ̀. Mo ní kó má ṣèyọnu, màá to kẹ̀kẹ́ bàbá wa fún un. Nílé wa, èmi ni wọ́n ń pè tí fáànù bá kọṣẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò tan. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi nínú, ó sì wà lára ìdí tí mo fi parọ́ lẹ́yìn náà.

Mo ra ríìmù, mo ra táyà, ṣéènì àti ìjókòó. Mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun férémù. Ó wá ku headset.

Headset ni àwọn tó ń to kẹ̀kẹ́ ń pe àkójọ irin tó wà ní ọrùn kẹ̀kẹ́: ife irin méjì tí wọ́n gbá wọ ọrùn férémù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òrùka irin tó jókòó sí èjìká fọ́ọ̀kì, àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́, kóònù tí wọ́n ń yí wọ ọ̀pá fọ́ọ̀kì láti òkè, àti nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀. Àwọn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí sọ́tùn-ún sósì láìjẹ́ pé fọ́ọ̀kì ń mì. Ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ títí kó má rántí pé wọ́n wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn le ju bó ṣe rí lójú lọ. Bọ́ọ̀lù inú họ́ọ̀bù ń yípo ni, gbogbo ara irin ló ń bá a pín ẹrù náà gbé. Ti ọrùn kì í yípo. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ tààrà, ojú kan náà ni bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wà, gbogbo kòtò tí táyà iwájú bá sì bọ́ sí, ojú kan náà yẹn ló ń lù. Tí irin headset kò bá le, ibẹ̀ á dá ihò kéékèèké, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì máa fà síbi kan ṣoṣo bí a bá ń yí i. Dídán ojú irin kò sọ nǹkan kan nípa líle rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá ó bá kẹ̀kẹ́ mu.

Ti àtijọ́ tí mo tú lára kẹ̀kẹ́ bàbá wa dúdú, gíríìsì ti gan mọ́ ọn lára. N kò fọ̀ ọ́. N kò tilẹ̀ yẹ ojú irin rẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn tó ń ra irin kòǹdẹ̀mù kọjá, mo kó o fún wọn pọ̀ mọ́ ríìmù tó jẹrà. Bí mo bá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, tí mo ra bọ́ọ̀lù tuntun àti gíríìsì sí i, owó tó máa ná mi kò ní ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ, ọmọ náà ì bá sì máa gùn ún títí dòní.

Lọ́jà, mo rí headset Raleigh gan-an ní ìsọ̀ kan, àlòkù ni, ó dúdú bíi ti ilé. Ní ìsọ̀ kejì, mo rí tuntun, aláwọ̀ fàdákà, tó ń dán gbinrin, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àlòkù yẹn. Mo ti ń wò ó lórí ọ̀dà aláwọ̀ ewé yẹn lọ́kàn mi. Ẹni tó ń tà á bi mí pé irú kẹ̀kẹ́ wo ni. Mo ní oní-íńṣì kan ni. Òótọ́ ni, íńṣì kan ni ìbú ọ̀pá fọ́ọ̀kì náà, mo ti fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí mo wọ̀n nìyẹn. Mi ò di ẹ̀bi kankan ru òǹtajà náà. Ohun tí mo béèrè ló tà fún mi.

Nígbà tí mo délé, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ fún mi pé kí n dá a padà.

Ife òkè wọlé wẹ́rẹ́, ọwọ́ lásán ni mo fi tì í. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn. Ife tó bá ọrùn férémù mu kì í gba títì. Òòlù àti pákó ni wọ́n fi ń gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n 30.2 mìlímítà ni ọrùn férémù yẹn ń fẹ́, 30.0 sì ni èyí tí mo rà. Òrùka ìsàlẹ̀ náà ń mì ní èjìká fọ́ọ̀kì. Èjìká yẹn jẹ́ 26.4, òrùka tí mo rà sì jẹ́ ti 27.0. Mo gé ara agolo mílíìkì, mo fi wé èjìká fọ́ọ̀kì, òrùka náà sì dúró. Àwọn ìwọ̀n tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ìṣubú ni mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mímì tó ń mì, mo rí i lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Kóònù òkè yí wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì dúró gbagidi. Ọwọ́ mi mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti di nọ́ọ̀tì rí mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó dọ̀tí àti èyí tí kì í ṣe ti ibẹ̀. Mo ki páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Irin ń han. Èérún wẹ́wẹ́ ń dà sórí táyà tuntun. Mo fi àkísà nù ún kúrò kí ọmọ náà tó dé.

Ó rí kẹ̀kẹ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bọ̀dá, ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á máa ṣe tiyín.” Mo gba àdúrà náà.

Ó gùn ún fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ fún mi pé bí òun bá tẹ bíréèkì iwájú, nǹkan kan máa ń dún kọ̀, kọ̀. Mo ní kẹ̀kẹ́ tuntun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ṣì máa balẹ̀. Ohun tó ń dún ni fọ́ọ̀kì tó ń mì nínú ọrùn. Kóònù tí mo fipá yí wọ̀ ti gé eyín ọ̀pá fọ́ọ̀kì kúrò, kò sí ohun tó dì í mú mọ́, ó sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó, kóònù òkè gbéra, bọ́ọ̀lù kan kúrò láyè rẹ̀, ó há sáàárín irin, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò sì yí mọ́. Ó dé ibi tó yẹ kó ti yà, kẹ̀kẹ́ lọ tààrà sínú gọ́tà.

Bàbá kan tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìgbà èwe wọn ló là mí lójú. Mo gbé fọ́ọ̀kì lọ bá wọn, mo ń díbọ́n pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé tún ṣe. Wọ́n mú irin pẹlẹbẹ kan jáde, tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyarun, wọ́n gbé e lé ibi tí eyín ọ̀pá fọ́ọ̀kì kò tíì bàjẹ́. “Eyín mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú íńṣì kan níbí,” ni wọ́n wí. “Ti Raleigh nìyẹn. Ta ló fi oní-mẹ́rìnlélógún sí i?” Nígbà kan rí, Raleigh, ní ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló máa ń fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tó fi ń to kẹ̀kẹ́, ó sì fi ọjọ́ pípẹ́ dúró lórí eyín 26 nígbà tí 24 ti di ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yòókù. Láàárín ìdajì íńṣì, eyín 13 ti fọ́ọ̀kì ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí lára kóònù tó ní 12. Ó lè yí díẹ̀ nítorí pé ìyàtọ̀ náà kò tíì pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ bàjẹ́ ni.

Mo dá wọn lóhùn pé èmi ni mo fi sí i. Àwọn ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún.

Owó headset tó dára lójú mi yẹn ni ó kéré jù nínú ohun tí mo san. Fọ́ọ̀kì bàbá wa ti bàjẹ́. Owó ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ọmọ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí apá rẹ̀ fi jinná, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sì ti gba fírídọ̀mù nígbà tó fi padà. Apá náà kò tíì nà tán dòní. Bó bá fá pákó tó gùn, ó ní láti dúró kó sinmi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé wọn, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan agolo mílíìkì. Wọn ò pariwo. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé o ti mọ̀ kó tó gùn ún?” Mo ní mo mọ̀ pé kò wọ̀ dáadáa, pé mo fipá mú un. Wọ́n bi mí pé èló ni mo rí fi pamọ́ lórí ẹ̀. Mo sọ iye náà. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lẹ́yìn náà, ó ní ìyá òun ti sọ fún òun, ó sì bi mí bóyá fọ́ọ̀kì mìíràn lè wà. Bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti bá wa rí ọ̀kan lára Raleigh àlòkù, eyín rẹ̀ pé, headset rẹ̀ dúdú, ó sì wà lára rẹ̀. Mo ti sanwó rẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa tò ó, kì í ṣe èmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tọrọ ohun kan péré lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun yí kóònù náà wọlé dé ìdí kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Wọ́n ti gbà fún un.