Láti Tchaourou dé Paris: Ara Ta Ni Ká Ra Ibùsùn Fún?

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Paris ránṣẹ́ sílé pé kí ìyá òun wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ orúnkún ni gbogbo ẹbí kọ́kọ́ sọ. Ìyá Àgbà, bí agbo ilé wa ní Tchaourou ṣe ń pè é, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ oko iṣu àti kajú ṣíṣà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kì í sì í jẹ́ kó jókòó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó wú. Ọmọ rẹ̀ ní òun á ra ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì fún un. Èmi ni wọ́n yàn láti mú un lọ, ẹkónómì ni wọ́n sì rà fún mi. Bí àwa méjèèjì ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà nìyẹn, tí aṣọ ìkélé kan pín wa níyà. Ohun tí mo rí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì aṣọ náà, àti ohun tí mo rí lójú títì ká tó débẹ̀, ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé lágbègbè wa ló ń da irú owó bẹ́ẹ̀ jọ fún àwọn òbí wọn.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì nínú ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà Tchaourou. Ojú irin tó ti Kútọnu wá gba ìlú wa kọjá, ó dé Parakou ní 1936, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 438 kìlómítà. Nígbà tí OCBN, iléeṣẹ́ ojú irin tí Dahomey (Bẹ̀nẹ̀ òde òní) àti Niger jọ dá sílẹ̀ ní 1959, ṣì ń kó èrò, kíláàsì àkọ́kọ́ wà, kíláàsì kejì sì wà. Kíláàsì kejì ni Ìyá Àgbà máa ń wọ̀ lọ tajà. Ohun tó rántí jù nínú rẹ̀ ni pé èèyàn lè dìde, kó rìn láàrin àwọn èrò, kó sì na ẹsẹ̀ ní ibùdókọ̀ gbogbo. Ọkọ̀ ojú irin akérò kò rìn mọ́. Bọ́ọ̀sì tó ń ti Parakou bọ̀ la wọ̀ láàárọ̀.

Láti Tchaourou dé Kútọnu lójú títì tó nǹkan bíi 350 kìlómítà. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní RNIE 2 ni gbogbo wa ń tọ̀. Ó gba Toui àti Kilibo dé Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn òkè àpáta ti yọ sí wa, ó tún gba Ìdásà àti Bohicon kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun. Bọ́ọ̀sì ń dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàrin ibùdókọ̀ kan sí òmíràn kò sí àyè láti dìde, ẹrù ti kún ọ̀nà àárín àga. Nígbà tí a fi máa dé Bohicon, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti wú débi pé bàtà rẹ̀ kò wọlé mọ́. A kò tíì fojú kan ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹsẹ̀ wíwú nìkan kọ́ ni jíjókòó pẹ́ ń fà. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀ arìnrìn-àjò. Wọ́n rí i pé bí ìrìnàjò bá ti tó wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, ewu náà ń di nǹkan bí ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì kéré: nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000 àwọn tó jókòó sójú kan bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ará Tchaourou fi sọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ọkọ̀ òfuurufú. Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ náà wà níbẹ̀. Jíjókòó láì mira ló ń fa ewu yìí. Ó sì pọ̀ sí i fún ẹni tó sanra jù, fún ẹni tó ga ju mítà 1.9 lọ tàbí tó kúrú ju 1.6 lọ, àti fún obìnrin tó ń lo oògùn oníhóró fún ìfètò sọ́mọ bíbí.

Ọ̀dọ̀ ìbátan wa kan ní Kútọnu la ti sinmi kí ẹsẹ̀ náà tó rọlẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú Cadjehoun, tó ń jẹ́ orúkọ Kádínà Bernardin Gantin, wà nínú ìlú gan-an, kò jìnnà sí wa. Ká tó kúrò nílé la ti fi tó iléeṣẹ́ ọkọ̀ létí pé ìyá wa kò lè rin ìrìn gígùn. Wọ́n gbé àga onítáyà wá pàdé rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan sì tì í dé ẹnu ọkọ̀. A kò sanwó kankan lé e. Òfin kan wà ní Yúróòpù láti 2006 tó ní kí àwọn pápákọ̀ ibẹ̀ ran arìnrìn-àjò tí ìrìn ń ni lára lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kíláàsì yòówù kó wọ̀, bó bá ti sọ ọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú. Ọ̀pọ̀ òbí wa ló ń fi orúnkún dídùn rìn ní pápákọ̀ ńláńlá nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n lè béèrè.

Ẹrù ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fojú rí. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ẹrù kan ní ẹkónómì kò gbọdọ̀ ju 23 kílò lọ, ti bísínẹ́ẹ̀sì sì lè tó 32. Èlùbọ́, gàrí àti ata gígún wa wọ inú ẹrù Ìyá Àgbà láì sí wàhálà. Wàgáṣì tó fẹ́ gbé fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ la fi sílẹ̀, nítorí Yúróòpù kì í gba ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe lọ́wọ́ èrò tó ń ti ilẹ̀ wa bọ̀. Iṣu tútù náà, àfi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Lórí èyí, òfin kan náà ló de iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mo sin Ìyá Àgbà dé àga rẹ̀. Àga náà dá dúró, ògiri kékeré yí i ká, bọ́tìnnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di ibùsùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó gùn tó nǹkan bíi mítà méjì. Ìrọ̀rí tó rọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ ìbora tó nípọn wà níbẹ̀. Mo fi bọ́tìnnì hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ pé kó máa bá mi bojú wò ó.

“Ṣé ibí kọ́ ni ìwọ náà máa jókòó sí ni, ọmọ mi?”

“Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni tèmi wà, Màámi. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ ní kí wọ́n pè mí.”

Ní ẹkónómì, láti ẹ̀yìn àga kan dé ẹ̀yìn èyí tó wà níwájú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi 79 sẹ̀ǹtímítà. Orúnkún mi kan àga iwájú, apá mi sì kan apá ẹni tó jókòó tì mí. Àga náà ṣeé rọ̀gbọ̀kú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí tiwájú bá ti rọ̀gbọ̀kú, àyè náà tún dín kù. Láti ìgbà tí a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti yan àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí n lè máa dìde láì jí ẹnikẹ́ni.

Kútọnu àti Paris fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù dé àríwá, nǹkan bíi 4,700 kìlómítà síra wọn. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, àríwá ló kọjú sí. Lórí àwòrán ilẹ̀ tó wà níwájú mi ni mo ti rí orúkọ Parakou. À ń kọjá lágbègbè ilé, oúnjẹ kò sì tíì kàn mí. Ọ̀nà tó jẹ ojúmọmọ wa, tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà fi wú, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ni ọkọ̀ yìí fi dá a padà. Ọkàn mi wúwo bí mo ṣe ń wo àwòrán náà. Gbogbo owó tí ẹbí wa kó jọ la ná sórí apá ìrìnàjò tó yára jù, tó sì rọrùn jù. Apá tó ń fìyà jẹ ìyá wa ní ti gidi kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kan náà la jọ ń mí níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti wà lókè réré, ara máa ń gba afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni tó dúró lórí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ kì í sì í sábà tó ìdá 20 nínú 100, ètè ń gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìyẹn padà. Omi mímu ni ìtọ́jú rẹ̀, omi sì wà fún gbogbo èrò.

Nínú oorun ni ìyàtọ̀ ti tóbi jù. Nígbà òtútù, aago Bẹ̀nẹ̀ àti ti Paris dọ́gba, nítorí náà àárẹ̀ tó bá mú ẹni tó rin ọ̀nà yìí lówùúrọ̀, àìsùn ló fà á, kì í ṣe àyípadà aago. Láàrin wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tí ọkọ̀ fi ń lọ, oorun mi kò ju ìtòògbé lọ: ọrùn á yẹ̀, màá jí, màá tún gbìyànjú. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Fún ẹsẹ̀ tó ń wú, kí ó nà lórí ibùsùn dípò kó rọ̀ sílẹ̀ láti orí àga jẹ́ oògùn fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí òru jìn, mo rí i tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, tó ń di orí àga kọ̀ọ̀kan mú. Ó ní òun ti sùn dáadáa, ara sì tu òun, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Obìnrin oníṣòwò kan tó jókòó nítòsí mi kí i ní èdè Bàrìbá, ó dáhùn, ojú rẹ̀ sì là. Ó dúró pẹ̀lú wa, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń gbé èkejì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó kajú. Ó wá yé mi pé fún àgbàlagbà tí kò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ara lè balẹ̀ kí ọkàn má balẹ̀. Ìrìn tó rìn wá bá wa yẹn náà ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ lóore. Nínú ìlànà tí àwọn dókítà onímọ̀ àìsàn àyà ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2012, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ẹkónómì fúnra rẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Àìdìde ni wọ́n bá wí, àti àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì í sábà jáde.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí irú ìtura tí Ìyá Àgbà rí níwájú ọkọ̀ yìí dé. Ní 1958 ni ẹkónómì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Yúróòpù sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí Dahomey àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn dá Air Afrique sílẹ̀ ní 1961, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì. Ìparí àwọn ọdún 1970 ló dé, ibùsùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò sì wọ inú rẹ̀ títí di 2000, nígbà tí British Airways gbé e síbẹ̀. Àwọn ará ilé wa tó kọ́kọ́ lọ sí Faransé jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní pápákọ̀ Charles de Gaulle, bàtà Ìyá Àgbà wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láì fún un. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó sì bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹun àárọ̀. Èmi lọ sùn. Lójú mi, owó ibùsùn náà kò ṣòfò: òru ni, ara tó nílò rẹ̀ ló sì lò ó.

Nígbà tí ìpadàbọ̀ ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ tún fẹ́ ra bísínẹ́ẹ̀sì. Mo sọ ohun tí mo rò lójú òfuurufú fún wọn. Ọkọ̀ ìpadàbọ̀ á gbéra lọ́sàn-án, á sì dé Kútọnu lálẹ́. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní: “Ojúmọmọ kì í ṣe ìgbà oorun. Ẹ jẹ́ kí èmi àti ọmọ mi jọ jókòó, kí ẹ fi owó yẹn gba mọ́tò tó máa gbé mi délé.”

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la gbà fún un, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ tí dókítà ní kó lò, a ń dìde ní wákàtí wákàtí, a ń mu omi, a sì ń sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ tún fi àga onítáyà gbé e jáde. A sùn ní Kútọnu. Nígbà tó yá, mọ́tò tí a háyà ń dúró níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ní ká dúró: ní Allada, ní Bohicon, ní Ìdásà, ní Ṣábẹ̀ẹ́. Owó mọ́tò náà kò sún mọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàrin tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì rárá. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ ní Tchaourou, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, kí ẹbí tó bá ń da owó jọ fún òbí ṣírò gbogbo ọ̀nà láti ẹnu ilé dé ẹnu ilé. Ẹ béèrè àga onítáyà, ẹ yan àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́, owó kékeré ni èkejì ń gbà níbi tó bá ń gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fowó tún ọ̀nà Kútọnu ṣe fún wọn. Bí owó bá ṣì kù, tó sì jẹ́ òru ni wọ́n máa fi fò, ẹ ra ibùsùn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí ẹni tí ara rẹ̀ le jókòó ní ẹkónómì, kó máa dìde. Ìtura ìyá wa kò gbọdọ̀ dúró de pápákọ̀ òfuurufú. Láti Tchaourou ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.