Fídáù Bàbá Ìbejì ní Ìtòkú

Ibùdókọ̀ rélùwéè Alágómejì ni mo ti gbéra lọ sí Abẹ́òkúta láàárọ̀ ọjọ́ fídáù Bàbá Ìbejì. Kí n tó gbọ́ ikú rẹ̀, wọ́n ti sin ín, nítorí Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, kò sì tíì pé ọgọ́ta ọdún. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló kù tí mo lè bá wọn dé. Mo ti pinnu pé rélùwéè ni màá wọ̀, torí inú rélùwéè ni Ọlọ́run ti fi wá mọ ara wa.

Kì í ṣe tuntun yìí o. Ti àtijọ́ tó máa ń kó òṣìṣẹ́ láti Ìjokò lọ sí Ìddó ní ìdájí ni mò ń wí, èyí tí àwọn èèyàn máa ń gun orí òrùlé rẹ̀ nígbà tí inú bá ti kún. Bàbá Ìbejì kì í gun òrùlé. Àárín èrò ló máa ń dúró sí pẹ̀lú ẹrù àdìrẹ tó ń gbé lọ tà l'Ékòó, á sì dá kóòtù sílẹ̀. Kí a tó dé Agége, ó ti fi ìyá arúgbó kan jẹ adájọ́, ó ti fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sùn wá síwájú rẹ̀. Ẹ̀sùn tó fi kàn án ni pé ìhanrun rẹ̀ pọ̀ ju owó tíkẹ́ẹ̀tì tó san lọ! Gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín, títí kan ọ̀daràn fúnra rẹ̀. Mo rántí pé ojoojúmọ́ ni ọkàn mi máa ń wúwo nígbà náà nítorí gbèsè, ṣùgbọ́n n kò gbé ìrònú yẹn dé Ìddó lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí bá wà lọ́kọ̀.

Ọkọ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 mọ́ tónítóní. Fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, oníkálùkù tẹjú mọ́ fóònù. Mo ń wo ojú irin àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, èyí tí àwọn òyìnbó tẹ́ dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí a dé sàkáání Ìjokò, omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó máa bọ́.

Ní Láderin, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ máàrúwà lọ sí Ìtòkú. Òkè Olúmọ kò jìnnà sí ilé wọn. Bí Bàbá Ìbejì bá mú àlejò Èkó débẹ̀, á sọ fún un pé ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ òkúta yìí, baba ńlá òun ló kọ́kọ́ bèèrè pé oúnjẹ dà.

Wọ́n ti ń dín àkàrà nígbà tí mo wọlé. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó fi orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fún mi kí mi:

“Bọ̀ọ̀dá Rélùwéè, ẹ kú ìrìn. Ẹ ò bá ọ̀rẹ́ yín nílé mọ́.”

“Ẹ kú àràfẹ́rakù, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

Ìyá tó bí Bàbá Ìbejì, tó ń pa àdìrẹ náà láró, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ sílé àbúrò rẹ̀, torí òbí kì í jókòó ti òkú ọmọ.

Mo mọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń pa ará òde lẹ́rìn-ín, tó jẹ́ pé bí àwọn ọmọ wọn bá gbọ́ ìró bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sá wọ yàrá. Èyí tó dára jù nínú ẹ̀rín Bàbá Ìbejì, ilé ló máa ń kó o lọ. Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ṣàdúrà tán, Táíwò gbé ọpọ́n ayò baba wọn jáde. Nínú ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ọ̀kan ti sọnù tipẹ́, bọ́tìnnì ẹ̀wù funfun kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Òfin ilé wọn ni pé ẹni tí bọ́tìnnì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ayò bá parí ni yóò fọ abọ́ alẹ́.

Kẹ́hìndé ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí a bá ti ní ìdánwò lọ́la, ọwọ́ Bàbá ni bọ́tìnnì máa ń já sí. Wọ́n á máa pariwo pé a ti rẹ́ àwọn jẹ. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Ọ̀ta ayò ni ọkùnrin náà. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo pa á láyò rí, ṣùgbọ́n ó ń fi ayò ra oorun fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú, òun kì í dé ìdí iná, ọkọ òun ló ń ro láfún, Ìdòwú á máa di ìkòkò mú fún un.

Kí a tó tú ká, àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé. Àwọn ìbejì ti jáde, Ìdòwú ló kù. A pín in láàárín ara wa, kò sí ẹni tó jiyàn. Ìyá Ìbejì dúpẹ́, ó wá ní ohun kan ló kù tí òun ń bẹ̀ wá: kí a má jẹ́ kí ilé náà dá. Ó ní Ìdòwú ti mọ láfún rò, kí a máa wá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún ìyàwó mi, Àìkú tó ń bọ̀ yìí la máa lọ.