Kíkí Wo Ni Ó Yẹ?

Oṣù mẹ́rìnlá ni ọkọ mi ti lò ní London kí n tó lọ bá a. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ìwé àlejò ni mo rí gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ìsinmi ilé-ìwé sì fún mi. Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, ó di pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú fi ń dé London, ṣùgbọ́n òkè aṣálẹ̀ Sàhárà ni ìdààmú ti bá mi. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìkíni Yorùbá, n kò mọ bí n ó ti kí ọkọ mi! “Ẹ kú àtijọ́” jẹ́ ti ojúlùmọ̀. Ẹni tí ó wọlé ní í kí onílé pé “ẹ kú ilé”. Bẹ́ẹ̀ Mọ́níyà ni ilé wa, òun ni ó sì jáde níbẹ̀. Ta ni kí ó wá kí ta ni “káàbọ̀”? Mo ti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ rí nítorí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó dúró dè mí ní Heathrow, ó ti rù. Mo kúnlẹ̀.

“Káàbọ̀, ìyá àwọn ọmọ.” Ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

“Ẹ kú ilé” kò jáde lẹ́nu mi. Mo ní, “Àwọn ọmọ ní kí n kí yín.”