Ojú-ìwé Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Àwa olùkọ́ mọ ọmọ tó gba 38 níbi tí 40 ti jẹ́ àṣeyege. Òun là ń fà lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tó gba 5.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ èdè Ìkálẹ̀ wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Òkìtìpupa níhìn-ín. Google a máa fi ipò ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan han onílé nínú Search Console, lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá wà ní ipò 11 sí 20, ẹ̀yìn ló sábà máa ń bọ́ sí, níbi tí ojú kì í tó. Alẹ́ Sátidé ni mo fi ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìyàwó mi fi ń kùn. Àbúrò mi bá mi fi Python kọ ètò kékeré kan. Kí n tó mu omi tán, ó ti ṣà wọ́n, ó sì to èyí tí wọ́n ń wá jù sókè.

Ìkíni Ìkálẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ: ipò 12. Èmi tí mo ti fẹ́ pa á rẹ́, pé ta ni yóò wá a! Mo tún àkọlé rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ bí a ti ń kí ni. Lánàá ni mo lọ bá ìyá mi, kó máa pè é kí n máa gbà á sílẹ̀.