Kì í Ṣe Ọwọ́ Ọmọ Náà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Òwe yìí ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, fi kí mi káàbọ̀ sí pápá ìyìnbọn kan ní ìlú Kàdúná nígbà tí mo lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ni; àtúnṣe ìbọn sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kàdúná kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ tí ń rọ ohun ìjà sílẹ̀ sí ní ọdún 1964.

Ní ọjọ́ náà, ìbọn ìléwọ́ ìdíje ń da ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàmú. Bí ó bá ti yìn ín títí, ìkarahun ọta tí ó yẹ kí ó ta sóde yóò há sínú ìbọn. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó dẹ̀, pé òun yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí yóò lọ sí ìdíje. Ọmọ náà kò fọhùn. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Bàbá Kékeré kọ́kọ́ kọjú ẹnu ìbọn sí ìhà àmì, níbi tí ènìyàn kankan kò sí. Ó yọ àpò ọta, ó sì rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Ó wá béèrè pé, “Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń há?”

Ọmọ náà dáhùn pé, “Rárá, Bàbá. Ó máa ń tó ogójì kí ó tó bẹ̀rẹ̀.”

Ó ní kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yìn ín wò. Ó há mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ọta oríṣi mìíràn sí i. Ó tún há.

“Ẹ ò rí i?” ni Bàbá Kékeré wí. “Ọwọ́ kọ́, ọta kọ́.”

Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá tàbí ìda máa ń wà lára òjé ọta kékeré yìí. Bí ẹ̀tù bá jó, agbára rẹ̀ a ti irin ẹ̀yìn sẹ́yìn. Ìkọ́ kékeré kan a fa ìkarahun létí, irin mìíràn a sì gbá a sóde. Agbára náà kò pọ̀; ìdọ̀tí díẹ̀ tó láti borí rẹ̀. Nígbà tí ó tú ìbọn náà, àjókù ẹ̀tù àti ìda ti dì sábẹ́ ìkọ́, kò lè di ìkarahun mú dáadáa mọ́. Ọmọ náà ń nu ìbọn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ láti wo abẹ́ ìkọ́. Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó nu ihò ọta, ó kán òróró díẹ̀ sí i. Ọmọ náà yin ọta 60. Ọ̀kan kò há. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú ìwé.

Èmi ni n kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, mo kọ ọ́ síwájú orúkọ ọmọ kan pé, ‘Ọ̀lẹ ni.’ Bí ó bá ń kàwé, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ a já geere, lẹ́yìn náà ni yóò há. N kò béèrè ìdí rẹ̀. N kò fún un ní ìwé mìíràn. N kò pààrọ̀ ìjókòó rẹ̀. Mo ti kúrò ní ilé-ìwé náà, ohun tí mo kọ sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó dá ọmọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a tú ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́ wò.