Ọlọ́dẹ Tí Kò Lórúkọ

Ẹni tó bá ti gbé inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì rí yóò mọ̀ pé bí iná mànàmáná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnu nìkan ló kù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣeré. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan, jókòó síwájú kíláàsì wọn, wọ́n ń wo Kòṣeégbé lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Túndé Kèlání ló ṣe fíìmù náà ní 1995, láti inú eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1981. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá aṣọ́bodè kan tí kò gba rìbá ni, àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òtítọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n rí jẹ mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀ bí wọn yóò ṣe ba orúkọ ọkùnrin náà jẹ́ ni wọ́n wò dé tí ẹ̀rọ fi kú.

Bí òkùnkùn ti ṣú ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n nítorí pé ó ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wá gba ìwé ẹ̀rí, ní kò sí fíìmù ọ̀daràn tó lè dúró bí kò bá sí òǹkọ̀wé gidi lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi The Wire ṣe àpẹẹrẹ, eré àtìgbàdégbà tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà láti 2002 sí 2008 nípa ìlú Baltimore. David Simon tó dá a sílẹ̀ ti ṣe akọ̀ròyìn rí. Ed Burns tí wọ́n jọ ṣe é ti ṣe ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ó di tíṣà. Wọ́n tún pe àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn sínú ìwé, àwọn bíi George Pelecanos, Richard Price àti Dennis Lehane, pé kí wọ́n wá bá wọn kọ ọ́.

"Ọlọ́pàá tó di tíṣà!" ni Ẹ̀gbọ́n wí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé ẹbí rẹ̀ ni. "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ ilé-ìwé lọ ní apá kẹrin. Ẹ ò rí àwọn ọmọ yẹn! Mo ti kọ́ irú wọn rí."

Èyí àbíkẹ́yìn kò gbà. Àwọn ìwé James Hadley Chase tí bàbá rẹ̀ tò sórí pẹpẹ ló fi mọ ìwé kà, ìfẹ́ ìtàn tó ń sáré sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní Lápàdé, ọlọ́pàá àná tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe akọni nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àwọn ọkùnrin líle inú ìwé Chase. Akin Olúṣínà ti Kọ́lá Akínlàdé ní tirẹ̀, agboolé Sherlock Holmes ló ti wá, ẹni tí ń fi làákàyè tú okùn ọ̀ràn láì lu ẹnikẹ́ni. Ìkẹta wọn bínú. Ó ní ṣé àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá kò lè dá nǹkan kan ṣe ni kí a má ti rí bàbá òyìnbó fún wọn?

Ìdáhùn tí àbíkẹ́yìn fún un dára, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Chase fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà ló sì ń kọ ìtàn nípa rẹ̀. Máàpù àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ló fi ń rin ìlú ọlọ́ìlú. "Bí òyìnbó bá lè fi máàpù jí Amẹ́ríkà gbé, ta ló ní kí ọmọ Ọ̀yọ́ má gba ọ̀nà ìtọpinpin olè lọ́wọ́ rẹ̀? Kí Lápàdé ṣáà ti la ẹnu kó pa òwe, ṣé Amẹ́ríkà ló ti rí ìyẹn?" Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀ sí i.

Láti orí olè inú ìwé ni wọ́n bọ́ sórí olè tòótọ́. Wọ́n dé orí Ishola Oyenusi tí wọ́n yìnbọn pa ní etíkun Bar Beach ní oṣù Kẹsàn-án 1971, níṣojú ọ̀pọ̀ èrò, tí Eddie Ugbomah sì fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù ní 1977. Wọ́n ń rọ́ ọ bí ẹni ń rọ́ ìtàn Ògèdèǹgbé. Ìgbà náà ni obìnrin àárín wọn, tí kò tíì sọ nǹkan kan, la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ ọlọ́pàá tó kú nínú olè tí wọ́n torí rẹ̀ pa á?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n mọ orúkọ olè, wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ṣe fíìmù, wọ́n mọ ọdún.

Ó wá sọ fún wọn pé ọlọ́dẹ ni bàbá òun, ní ilé ìtajà símẹ́ǹtì kan. Lọ́dún tí òun wà ní kíláàsì kẹta girama ni àwọn olè wá lóru, wọ́n dè é mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi àdá gé e lápá. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́. Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà. Iye owó tí wọ́n jí wà níbẹ̀, orúkọ olówó wà níbẹ̀. "Ọlọ́dẹ kan" ni wọ́n pe bàbá rẹ̀. Nísinsìnyí, bí gbogbo ilé bá jókòó ti fíìmù, tí ó dé ibi tí wọ́n ti gbá mẹ́gáàdì lórí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín nítorí bí ó ṣe ń sun oorun àsùnhanrun, bàbá a dìde, a lọ jókòó síta.

Àbíkẹ́yìn gbìyànjú. Ó ní bí ìtàn bá dúró sunkún lórí gbogbo òkú, ta ni yóò lé olè mú?

"Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sunkún. Orúkọ ni mo ní kí wọ́n fún un."

Ẹ̀gbọ́n rántí Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, ìwé Akínlàdé tó jáde ní 1971.

"Bó bá jẹ́ pé ọlọ́dẹ ọmọ ọba ni wọ́n pa ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Ta ni ì bá béèrè?"

Ẹ̀gbọ́n ní ohun tí òun fẹ́ràn lára The Wire gan-an nìyẹn, pé ọmọ ìgboro tó kéré jù níbẹ̀ ní orúkọ kí ó tó kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpín 60 ni wọ́n fi sọ ìtàn wọn. Fíìmù wákàtí méjì kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àyè tí orúkọ kan ń gbà nínú fíìmù kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Iná kò dé. Nígbà tí ó di aago mọ́kànlá, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n kọ́kọ́ sin obìnrin náà dé ibùgbé àwọn obìnrin. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́nu géètì níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹni tí wọ́n ti ń kí láàárọ̀ lálẹ́ láti ọdún kejì. Àbíkẹ́yìn dúró.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ yín?"

Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. "Orúkọ mi kẹ̀? Kí ni mo ṣe? Ta ló sọ pé mo sùn?"